Ẹyin, Ẹ̀pà àti Àbúrò Mi

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo fún àbúrò mi ní kúlíkúlí jẹ. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà, ọmọ oṣù 14 sì ni òun. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni à ń gbé, ní àdúgbò tí èèyàn ti lè ra gàrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ láìrìn jìnnà sílé. Dádì ti jáde. Mọ́mì ń sùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nítorí pé iṣẹ́ alẹ́ ló ṣe mọ́jú. Mo rẹ gàrí sínú abọ́, mo bu ṣúgà sí i, mo sì run kúlíkúlí tí Màmá Àgbà fi rán èèyàn sí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ lé e lórí.

Àbúrò mi ta gẹ̀gẹ̀ wá bá mi, ó di orúnkún mi mú, ó ń na ọwọ́ sí abọ́. Nílé wa, wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé ẹni tó bá ń dá jẹun tí ọmọdé ń wò ó lẹ́nu, ahun ni. Mo mú kúlíkúlí tó ti rọ̀ nínú omi, kò tó èékánná ìka mi, mo fi sí i lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún la ẹnu. Mo tún fún un.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ nu ẹnu. Ètè rẹ̀ wú. Kókó so sí i lójú, lọ́rùn àti níkùn bí ẹni tí kòkòrò ta. Ó bì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ ń dún bí ẹni ń súfèé. Kò sunkún mọ́, ó kàn ń wò mí. Ìwò yẹn kò tíì kúrò lójú mi títí di òní.

Mo pariwo pe Mọ́mì. Ó sáré bọ́ sílẹ̀ tòun ti ìró láyà, ó wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì pe 999. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì dé, ọ̀kan nínú wọn gún àbúrò mi ní abẹ́rẹ́ adrenaline sí ẹ̀gbẹ́ itan. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, mímí rẹ̀ ti ń já gaara.

“Kí lo fún un?” Mọ́mì béèrè nínú ọkọ̀.

“Kúlíkúlí ni, mà.”

Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí.

Láti ọjọ́ náà ni Mọ́mì kò ti jẹ́ kí n fún àbúrò mi ní oúnjẹ mọ́. Kò fi ẹnu sọ ọ́ rárá. Bí mo bá mú ṣíbí, yóò rọra gbà á lọ́wọ́ mi, yóò ní, “Fi í sílẹ̀, lọ ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, Mọ́mì pe Màmá Àgbà lórí fóònù láti ròyìn fún wọn.

“Dókítà ní álẹ́jì ni, mà.”

“Àlájì wo?” Màmá Àgbà dáhùn. “Kí ló kan Àlájì nínú ọ̀rọ̀ ọmọ wa?”

Ìgbà yẹn ni a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì ṣàlàyé tán, Màmá Àgbà dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ó ti yé mi. Èèwọ̀ ni. Ẹ̀pà jẹ́ èèwọ̀ ara ọmọ náà.”

Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn, mo sì ń lò ó títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí èèwọ̀ ara ti yàtọ̀ sí èèwọ̀ ìdílé. Èèwọ̀ ìdílé, a kì í dán an wò. Bí bàbá kò bá jẹ ẹ́, ọmọ kò ní jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Èèwọ̀ ara ní tirẹ̀ lè wà lónìí kó má sí mọ́ lọ́dún mẹ́ta sí i. Ẹni tí kò bá padà lọ bi ara léèrè kò lè mọ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ṣòro jù, torí pé ẹnu ọmọ la ó gbà bi í.

Wọ́n kọ́kọ́ ti ojú awọ bi í. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, nọ́ọ̀sì fi bírò kọ nọ́ńbà sí apá àbúrò mi, ó kán omi oúnjẹ lóríṣiríṣi sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: ti ẹyin, ti ẹ̀pà, ti wàrà màlúù, ti àlìkámà, ti sóyà. Ó kán omi iyọ̀ lásán sí ibì kan, ó sì kán histamine sí ibòmíràn, nítorí pé histamine máa ń mú kí kókó so sí awọ olúkúlùkù. Ó wá fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan gún awọ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ láàárín omi kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa ṣáájú pé a kò gbọdọ̀ fún un ní oògùn ara yíyún fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí oògùn má baà bo èsì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, nọ́ọ̀sì fi rúlà wọn àwọn kókó náà. Èyí tó bá fi mìlímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tóbi ju ti omi iyọ̀ ni wọ́n kà sí. Ti ẹ̀pà tóbi. Ti ẹyin náà tóbi, a sì wá rántí pé nígbà tó wà ní oṣù 9, ara rẹ̀ so kókó díẹ̀ lẹ́yìn tó jẹ ẹyin díndín, àwa rò pé ooru ni. Ti àlìkámà kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Dókítà náà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Ó ní kókó ara awọ ń sọ pé ara ti dá oúnjẹ náà mọ̀, kò sọ pé ara máa bá a jà. Ó ní bí ọmọ bá ti ń jẹ búrẹ́dì lójoojúmọ́ tí nǹkan kan kò ṣe é, ká má wo kókó, ká máa fún un ní búrẹ́dì lọ. Ẹyin àti ẹ̀pà nìkan ni ká yọ kúrò.

Mo gbọ́ ohun tó sọ. Mọ́mì náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ létí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló yóò sá. Nígbà tí a délé, Mọ́mì kó ẹ̀pà dànù, ó kó ẹyin dànù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó yọ búrẹ́dì. Lẹ́yìn ìyẹn ló yọ wàrà, ẹja, edé, ègúsí àti ẹ̀wà. Ìrẹsì, ọ̀dùnkún àti adìyẹ sísè ni àbúrò mi ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé e, a ó kọ́kọ́ bi onítọ̀hún pé kí ló jẹ. A kò lọ sí ìkómọ, a kò lọ sí ìgbéyàwó. Nígbà tí a padà sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, ìwúwo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Obìnrin onímọ̀ oúnjẹ tó jókòó pẹ̀lú dókítà wo ìwé tí Mọ́mì kọ gbogbo oúnjẹ ọmọ náà sí. Ó rọra béèrè pé, “Ta ló ní kí ẹ yọ gbogbo ìwọ̀nyí?”

“Ẹ̀rù ni,” Mọ́mì wí, ó sì bú sẹ́kún.

Wọn kò bínú sí i. Dókítà sọ fún un pé bí ọmọ tí ara rẹ̀ ti dá oúnjẹ kan mọ̀ bá ń jẹ ẹ́ déédéé láìsí wàhálà, jíjẹ yẹn fúnra rẹ̀ lè máa pa á mọ́. Bí a bá gbà á lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ara lè sọ ọ́ di ọ̀tá nígbà tó bá padà dé. Nítorí náà, oúnjẹ tí a kọ́kọ́ dá padà sẹ́nu àbúrò mi kì í ṣe ẹyin, kì í sì í ṣe ẹ̀pà. Búrẹ́dì ni. Mọ́mì gé e wẹ́wẹ́, ó jókòó tì í fún wákàtí méjì, abẹ́rẹ́ pàjáwìrì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi ń ṣeré, Mọ́mì ń làágùn.

Bí mo ṣe ń dàgbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa ọ̀rọ̀ náà, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mo kó bá a. Mo rí i pé àwọn àgbà onímọ̀ pàápàá ti ṣi ọ̀nà rí. Ní ọdún 1998, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn òbí tí álẹ́jì wà nínú ẹbí wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fún ọmọ ní ẹ̀pà títí tí yóò fi pé ọdún 3. Ní 2009, wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́nu. Láàárín ìgbà méjèèjì, ní 2008, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ọmọ Júù tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé àwọn ọmọ Júù tó ń gbé ní Ísírẹ́lì. Wọ́n rí i pé álẹ́jì ẹ̀pà fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ láàárín àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Ísírẹ́lì, ìpápánu kan wà tí wọ́n ń pè ní Bamba, àgbàdo àti ẹ̀pà ni wọ́n fi ń ṣe é, kí ọmọ tó pé ọdún kan ló ti ń jẹ ẹ́.

Wọ́n wá kó ọmọ ọwọ́ 640 jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọmọ oṣù 4 sí oṣù 11, gbogbo wọn ló jẹ́ ọmọ tí awọ ara rẹ̀ ń gbẹ tó sì ń là gidigidi, èyí tí wọ́n ń pè ní eczema, tàbí ọmọ tó ní álẹ́jì ẹyin. Wọ́n yẹ awọ wọn wò ná. Wọ́n ní kí apá kan máa jẹ oúnjẹ ẹlẹ́pà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí apá kejì má fojú kàn án títí wọn ó fi pé ọmọ ọdún 5. Ní 2015, èsì jáde. Nínú 100 ọmọ tí kò jẹ ẹ̀pà, nǹkan bí 17 ló ní álẹ́jì rẹ̀. Nínú 100 tó ń jẹ ẹ́, nǹkan bí 3 péré ni.

Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí gbà pé ọ̀nà tí oúnjẹ gbà wọlé ló ṣe pàtàkì. Bí lẹ́búlẹ́bú ẹ̀pà inú ilé bá kọ́kọ́ gba ojú awọ tó là wọ inú ara, ara lè kà á sí ọ̀tá. Bó bá gba ẹnu wọlé, ara á mọ̀ ọ́n sí oúnjẹ. Awọ àbúrò mi ti ń là láti oṣù kẹta tí wọ́n bí i, ilé wa kì í sì í wọ́n kúlíkúlí. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Màmá Àgbà, wọ́n ní, “Òótọ́ kúkú ni. Àlejò tó bá gba ojú fèrèsé wọlé, ta ni kò ní pè é lólè?”

Mo rò ó títí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ara rẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kàn án lẹ́nu. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún Mọ́mì.

Nígbà tó pé ọdún méjì àbọ̀, dókítà ní ó tó àkókò láti bi ara rẹ̀ léèrè nípa ẹyin. Wọ́n fún wa ní ìwé kan tí wọ́n ya àkàsọ̀ sí. Lórí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ni bisikíìtì tí wọ́n fi ẹyin po wà, lórí èkejì kéèkì, lẹ́yìn rẹ̀ pankéèkì, lẹ́yìn rẹ̀ ẹyin sísè tó gan dáadáa, lókè pátápátá ni ẹyin tí iná kò fi bẹ́ẹ̀ rà. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé iná pípẹ́ máa ń yí púrótéènì ẹyin padà, ìyẹ̀fun náà sì máa ń dì í mọ́ra, débi pé ara ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní álẹ́jì ẹyin kò ní bá èyí tó wà nínú kéèkì jà. Wọ́n jẹ́ ká ṣe é nílé nítorí pé ohun tí ẹyin fà fún un rí kò le, kò sì ní ikọ́ fée. Ọmọ tí tirẹ̀ bá le, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé a kò gbọdọ̀ gbìyànjú irú rẹ̀ lórí ẹ̀pà nílé láé.

Màmá Àgbà gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. “Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, wọn kì í fún ọmọ lẹ́yin. Wọ́n ní yóò di olè. Ẹ̀yin wá ń bẹ ọmọ kó jẹ ẹyin?” Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ẹ má kánjú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.”

Díẹ̀díẹ̀ náà ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́, èérún bisikíìtì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, èyí tó tó orí ìka. Ó tó oṣù méjì kó tó jẹ odindi kan. Nígbà tí a dé orí kéèkì, a rí ìjákulẹ̀: kókó so sí i lọ́rùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mọ́mì fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ tì. Nọ́ọ̀sì béèrè lórí fóònù pé, “Ṣé ara rẹ̀ dá lọ́jọ́ náà?” Ara rẹ̀ kò dá, ibà ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé àìsàn máa ń dín ohun tí ara lè gbà kù, eré sísá líle lẹ́yìn oúnjẹ náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ká dúró kí ara rẹ̀ yá, ká sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ tó ti gùn kọjá, ká tún bẹ̀rẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀, a tún gùn ún. Kí ó tó pé ọdún 4, ó jẹ ẹyin sísè.

Mọ́mì ló fún un ní gbogbo rẹ̀. Èmi ń wò láti ẹnu ọ̀nà.

Ti ẹ̀pà kù. Nígbà tí ó pé ọdún 5, wọ́n yẹ awọ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èsì méjèèjì ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lọ sílẹ̀ tó ohun tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Dókítà ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù láti mọ̀: kó jẹ ẹ́ níwájú wọn. Ó ní nínú ọmọ márùn-ún tó ní álẹ́jì ẹ̀pà, nǹkan bí ẹnì kan ló máa ń bọ́ nínú rẹ̀ bó bá dàgbà. Dádì ní ká lọ. Mọ́mì sun ọjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì.

Àsìkò ìsinmi ilé-ìwé ni ọjọ́ náà bọ́ sí, nítorí náà mo bá wọn lọ. Wọ́n yẹ àbúrò mi wò kínníkínní: kò gbọdọ̀ sí ibà, kò gbọdọ̀ sí ikọ́. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n fi ohun kan há ìka rẹ̀ láti máa ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti oògùn wà lórí àwo nítòsí, wọ́n ti wọn gbogbo rẹ̀ bá ìwúwo rẹ̀ mu. Nọ́ọ̀sì po lẹ́búlẹ́bú ẹ̀pà mọ́ yógọ́ọ̀tì nínú abọ́ kéékèèké. Ti àkọ́kọ́ kò ju eruku lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e jù ú lọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ti ìkẹyìn tó tó ìwọ̀n ẹ̀pà bíi mélòó kan. Ogún ìṣẹ́jú ni yóò wà láàárín abọ́ kan àti èkejì.

Mọ́mì mú ṣíbí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àbúrò mi wo ọwọ́ náà, ó wo ojú Mọ́mì, ó pa ẹnu dé. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ló nàka sí mi.

“Àǹtí ni kó fún mi.”

Àyà mi já. Kò mọ ohun tó ń béèrè, a kò tíì sọ ìtàn ọjọ́ Sátidé yẹn fún un rí. Mo wo Mọ́mì. Ó pẹ́ kó tó ṣí ọwọ́, ṣùgbọ́n ó na ṣíbí náà sí mi.

Mo fún un ní abọ́ kìíní. Ó gbé e mì. A wo tẹlifíṣàn fún ogún ìṣẹ́jú, n kò rí nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo fún un ní èkejì. Mo fún un ní ẹ̀kẹta, ó ní yógọ́ọ̀tì náà ti ń dùn. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fún un ní ẹ̀kẹrin.

Ó fi ọwọ́ nu ẹnu.

Mo mọ ìnu-ẹnu yẹn. Kí nọ́ọ̀sì tó yíjú, mo ti ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó.” Kókó ti ń so sí àgbọ̀n rẹ̀. “Ọ̀nà ọ̀fun ń yún mi,” ó ní, inú ń run ún, ó sì bì. Wọ́n fún un ní oògùn ara yíyún, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wọ́n gún un ní adrenaline sí itan lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sáré, ẹnikẹ́ni kò pariwo. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ikọ́ náà dáwọ́ dúró. Ó béèrè bóyá òun ṣì lè wo eré tẹlifíṣàn náà parí.

Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, láti ọwọ́ èmi kan náà. Mọ́mì wá jókòó tì mí nílẹ̀ níbẹ̀, ó gba ṣíbí náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì di ọwọ́ mi mú.

“Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ,” ó ní. Nígbà tó yá, ó tún ní, “Ti ìjọ́sí gan-an, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ tipẹ́.”

Wọ́n mú wa dúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí pé àmì náà lè padà wá. Kí a tó lọ, dókítà wá bá wa. Ó ní a kò pàdánù. A ti mọ̀ nísinsìnyí pé èèwọ̀ náà ṣì wà, a sì ti mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀: abọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ṣe é nǹkan kan. A ti rí i pé adrenaline ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bà wá mọ́. Ó sọ fún wa nípa ìtọ́jú kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2022 fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 17, tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ẹ̀pà kékeré kọ́ ara lójoojúmọ́ lábẹ́ àbójútó. Mọ́mì àti Dádì ṣì ń rò ó. Lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó jẹ kajú ní ilé ìwòsàn kan náà, nǹkan kan kò ṣe é. Ó ti di ẹni tó ń jẹ kajú báyìí bí ẹni ni igi rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ka àròkọ yìí mú lọ kò pọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ẹnu ọmọ tí ara rẹ̀ ti kọ oúnjẹ kan dán an wò fúnra yín, ẹ má sì fi ẹ̀rù gba gbogbo oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ yín bá sì ṣì kéré tí ara rẹ̀ dá, tó ti tó oúnjẹ jẹ, ẹ má fi ẹyin àti ẹ̀pà tó kúnná pẹ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ odindi ẹ̀pà, torí ó lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lọ́fun. Bí awọ rẹ̀ bá ń là gidigidi, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ọmọ wà, ẹ má sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí èémí bá ti ń dún tàbí tí ohùn bá ti ń há, abẹ́rẹ́ ni àkọ́kọ́, ìpè pàjáwìrì tẹ̀ lé e, kí ọmọ sì dùbúlẹ̀ àyàfi tí kò bá lè mí dáadáa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi oúnjẹ ṣeré sára ẹni tó ní in léèwọ̀. Ẹ̀yin àǹtí tí ẹ ń ní “jẹ́ kó jẹ díẹ̀, kò ní ṣe é nǹkan kan,” mo bẹ̀ yín. Mo mọ bí díẹ̀ ṣe rí.

Oṣù tó kọjá, a lọ síbi ìkómọ kan. Ọ̀kan lára àwọn àǹtí gbé àwo mọ́ínmọ́ín wá, ẹyin fúnfun báláú ń yọ lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Súyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yájì tí wọ́n fi kúlíkúlí lọ̀ bò ó. Mọ́mì wà ní ìkangun gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, ó rí wa. Kò dìde. Àbúrò mi, tó ti pé ọdún 6 báyìí, dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí Màmá Àgbà ṣe kọ́ ọ lórí fóònù, báàgì oògùn rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà,” ó ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀pà wà nínú mọ́ínmọ́ín yìí? Ṣé ṣíbí súyà kan án?”

Àǹtí náà wò ó tìyanutìyanu. “Kò sí ẹ̀pà níbẹ̀, ọkọ mi. Ṣíbí rẹ̀ lọ́tọ̀.”

Ó yíjú sí mi. Mo yẹ ewé àti ṣíbí wò, mo béèrè irú òróró tí wọ́n lò, mo gé mọ́ínmọ́ín náà síbi tí ẹyin wà, mo sì fi sí i lẹ́nu.